Ẹ́ńjìnnì Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Jí Kì í Purọ́

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ máa ń wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi níwájú ilé lẹ́yìn ìrun àsárì, tí ẹ ń bi mí bóyá kí ẹ kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì tàbí kí ẹ wá alùpùpù máa fi gbé èrò bí àwọn zémì, ẹ sún mọ́ mi, kí ẹ sì kọjú sí mi. Etí mi ti lọ tipẹ́, ètè yín ni mo ń kà. Ẹni tó bá fọwọ́ bo ẹnu sọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ mi, ara rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. N ó sọ bí mo ṣe ṣiṣẹ́ láyé fún yín. Ẹni tó bá rí ohun tó wù ú nínú rẹ̀ kó mú un. Ẹni tí kò bá rí, zémì kò tíì tán ní Ifangni.

Ní Banigbé ni wọ́n bí mi, bàbá mi sì jẹ́ àgbẹ̀. Ọkọ̀ kò pọ̀ lọ́nà wa nígbà yẹn. Tí ọ̀kan bá ń bọ̀ láàárọ̀, a ti máa gbọ́ ọ tipẹ́ kí ojú tó rí i. N ó wà lórí ẹní, ìrì á ṣì wà lára ewé níta, n ó dijú, n ó máa tẹ̀ lé ohùn rẹ̀ bó ṣe ń bọ̀ láàárín ọ̀pẹ. N ó máa sọ nínú ọkàn mi pé èyí ń gun òkè, èyí ru ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ, òùngbẹ ń gbẹ èyí. Oorun á tún gbé mi lọ, ọkọ̀ náà á sì máa rìn nínú oorun mi. Ní ọjọ́ kan mo sọ fún bàbá mi pé ọkọ̀ tó kọjá láàárọ̀ kò ní dé Pọ́bẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, a gbọ́ pé ó ti kú sójú ọ̀nà. Bàbá mi wò mí títí, ó ní ọmọ tó ń gbọ́ ọkọ̀ lójú oorun, ti oko kọ́ ni Ọlọ́run dá a fún.

Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ kò gùn: àkùkọ kan, àdúrà díẹ̀, ó parí. Ti owó, ẹ má tilẹ̀ bi mí. Ó wọlé, ó jáde, a jẹun.

Ọ̀gá mi ni à ń pè ní Pátírọ́ọ̀nù Súlè. Èèyàn kúkurú ni, kì í pariwo, kì í sì í rẹ́rìn-ín ṣáájú ìrun ọ̀sán. Gáráàjì rẹ̀ wà ní Ifangni níbí, ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń lọ àgbàdo. Ẹ̀rọ àgbàdo yẹn kì í sinmi. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni àwọn obìnrin ń gbé abọ́ wá, ariwo rẹ̀ á sì gba gbogbo àdúgbò. Bí o bá fi etí lásán gbọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ níbẹ̀, àgbàdo ni wàá gbọ́. Ìdí nìyẹn tí Pátírọ́ọ̀nù fi kọ́ wa láti máa fi eyín gbọ́rọ̀. Ó ní tunẹfíìsì gígùn kan, irin tí a fi ń tú síkúrù, tí ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ igi. Á fi ṣóńṣó irin náà kan ara ẹ́ńjìnnì, á fi eyín di igi rẹ̀ mú, á wá dijú. Ohùn ẹ́ńjìnnì á gba inú irin, á gba inú eyín, á wọ orí rẹ̀ láìkan etí rárá. Ó máa ń sọ pé, "Etí máa ń gba rìbá. Eyín kì í gbà."

Ìjọ̀gbọ̀n rẹ̀ kò mọ ní kékeré. Nígbà mìíràn á ti yọ wáyà kan sílẹ̀ níkọ̀kọ̀, á ní kí n fi eyín di igi náà mú, kí n sọ fún òun èwo ló ń ṣàìsàn nínú àwọn ilé iná, ihò tí epo ti ń jó nínú ẹ́ńjìnnì. Bí mo bá ṣì í, mo máa lọ pọn omi kànga fún gbogbo àdúgbò. Mo pọn omi débi pé àwọn obìnrin tó wá lọ àgbàdo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà kí orí mi má tètè là. Ìyá kan tilẹ̀ máa ń wá bi mí láàárọ̀ pé, "Mufu, ṣé o máa ṣì í lónìí? Àmù mi ti gbẹ."

Ohun kejì tí kò fi ṣeré ni kàpó, ìyẹn ìdérí ẹ́ńjìnnì. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ ṣí i láìkọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ lé e. Bí ẹni ń wo ọmọ tó ń ṣe ibà ni kí o ṣe é, kí o sì dúró. Bí ó bá tutù, o lè ṣí i. Bí ó bá gbóná, ẹnì kan ti bá a sọ̀rọ̀ ṣáájú rẹ. Nígbà tí mo ṣe tán, tí mo kúnlẹ̀ níwájú àwọn pátírọ́ọ̀nù ìlú ní ọjọ́ ìdáǹdè mi, tí wọ́n da páúdà sí mi lórí títí mo fi funfun bí ẹni tó jáde nínú ìyẹ̀fun, ọ̀gá mi mú tunẹfíìsì rẹ̀ gan-an lé mi lọ́wọ́. Àmì eyín rẹ̀ wà lára igi náà.

Ó ní, "Mufu, wọ́n á máa pè ọ́ pé kí o bá àwọn yan ọkọ̀ àlòkù. Má jẹ́ kí wọ́n ti jí i dìde kí o tó dé. Ẹ́ńjìnnì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí kì í purọ́. Bí èèyàn ni. Kó tó bọ́jú, kó tó rẹ́rìn-ín sí aládùúgbò, ohun tó wà lára rẹ̀ gan-an ni wàá gbọ́."

Mo gbọ́ ọ. Mo sì fi ṣiṣẹ́ jẹun títí irun mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun.

Gáráàjì tèmi wà lójú ọ̀nà tó lọ sí ẹnubodè. Ọkọ̀ akérò tó ń ná ọjà ilẹ̀ wa àti ti Nàìjíríà ni mo tún ṣe jù. Ẹ ò lè mọ bí àwọn ẹ́ńjìnnì gásóyìlì àtijọ́, èyí tí ará Nàìjíríà ń pè ní dísẹ́ẹ̀lì, ṣe dùn tó létí. Wọ́n nípọn, wọ́n ní sùúrù, ohun tí o bá bù fún wọn ni wọ́n ń mu. Mo rí èyí tó mu epo tí wọ́n fi kerosíìnì lú, tó wúkọ́, tó sì tún gbé àwọn ìyá ọlọ́jà lọ sílé. Ẹ́ńjìnnì ẹsáǹsì, ìyẹn pẹtiróòlù, jẹ́ ọmọ àlejò lójú mi: ó ń sáré, ó ń kígbe, kò mọ ilé. Nínú àwọn gásóyìlì wọ̀nyí ni ọkàn mi ń gbé. Mo máa ń dùbúlẹ̀ sábẹ́ wọn lọ́sàn-án gangan, epo á máa kán sí mi láyà, òòrùn á máa gba inú ihò ara irin wọlé, n ó sì gbàgbé pé mo ní ilé.

Irinṣẹ́ ń yí padà lójú mi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, gílóòbù kékeré kan, wáyà méjì àti eyín ara rẹ ti tó láti mọ àrùn ọkọ̀. Nígbà tó yá, àwọn ọkọ̀ tó ń wá láti Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í ní ọpọlọ tiwọn. Lúkúmáànù, ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ tí mo sì dá sílẹ̀, ló kọ́kọ́ ra àpótí tí wọ́n ń kì bọ ọkọ̀ nínú, tó ń kọ àrùn rẹ̀ sójú dígí. Wọ́n ń pè é ní fàlíìsì. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Mo ní àpótí tó ń bi ọkọ̀ léèrè pé kí ló ń ṣe ọ́, ó dà bí dókítà tó ń bi ọmọ ọwọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Pátírọ́ọ̀nù, ọmọ ọwọ́ ti ń dáhùn báyìí." Ó mọ bí a ṣe ń fèsì, n kò purọ́.

Mo fẹ́ sọ ti ọjọ́ tí etí mi lọ. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí, n ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ̀yin náà mọ kpayo, epo ìgò tó ń ti òdì kejì ẹnubodè wọlé. Kò sí ẹni tó dàgbà níbí tí kpayo kò sí nínú aṣọ rẹ̀. Ọkùnrin kan gbé táǹkì ọkọ̀ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ Gàníyù, ajórin, ọ̀rẹ́ mi tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tèmi. Táǹkì náà ń jò, ó fẹ́ kó bá òun jó o. Ohun tí a mọ̀ ni pé kí á rọ omi kún táǹkì títí dé ọrùn kí iná tó kàn án. Ṣùgbọ́n wọn kò rọ omi sí i, nítorí wọ́n ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, wọ́n ti sá a sóòrùn. Gàníyù tẹ imú bọ ẹnu rẹ̀, ó ní kò rùn mọ́. Ẹni tó ni ín gbóòórùn rẹ̀, ó ní kò rùn. Àwọn tó dúró níbẹ̀ gbóòórùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn fẹnu kò pé kò rùn. Ó ń rùn, ẹ̀yin ọmọ. Imú tó bá dàgbà nínú kpayo ni kì í gbọ́ òórùn kpayo. Bí àlejò kan bá ti Nàtìtíngú lápá àríwá wá lọ́jọ́ náà, á ti sá.

Mo ń sọdá títì lọ pè é pé kó wá jẹun. Ìyàwó mi ti gbé oúnjẹ wá. Mo rí i tó tẹrí ba, mo rí iná bulúù kékeré lẹ́nu irin rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo wà nílẹ̀, mo ń wo ewé ọ̀pẹ lókè. Wọ́n ń mì, wọn kò dún. Àwọn èèyàn ń sáré kọjá lára mi, ẹnu wọn là sílẹ̀, ohùn kankan kò jáde. Mo rò pé mo ń lá àlá, mo sì rántí pé mo sọ nínú ọkàn mi pé àlá yìí mà dákẹ́ o. Gàníyù kò dìde mọ́. Títí dòní, bí mo bá gbé oúnjẹ síwájú, ó máa ń ṣe mí bíi kí n sọdá lọ pè é.

Ní ọsibítù, dókítà wo inú etí mi, ó kọ ọ́ sínú ìwé fún mi pé awọ inú rẹ̀ ti fà ya ní méjèèjì. Ohun tó bá dún gan-an ni mo ń gbọ́, bí ìgbà tí ẹnì kan ń pariwo láti ìsàlẹ̀ kànga. Kí ni adití ń wá nídìí ẹ́ńjìnnì? Mo fi gáráàjì fún Lúkúmáànù. Mo fi tunẹfíìsì Pátírọ́ọ̀nù Súlè kọ́ ìṣó lára ògiri yàrá mi, n kò fọwọ́ kàn án mọ́.

Ọmọ mi obìnrin, Sèmíátù, ṣì wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì nígbà yẹn, ohùn rẹ̀ rí tín-ínrín bí ti ẹyẹ ẹ̀gà. Lẹ́yìn náà ni ìyá rẹ̀ ṣàìsàn. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn, ó di ọwọ́ mi mú, ó sọ̀rọ̀, ètè rẹ̀ kò sì lágbára tó láti kà. N kò mọ ohun tó sọ. Ìyẹn ni ó dùn mí jùlọ nínú gbogbo ohun tí táǹkì yẹn gbà lọ́wọ́ mi. Láti ìgbà náà, ohùn rẹ̀ ni mo máa ń wá kiri nínú oorun. Ẹ́ńjìnnì ni mo máa ń bá pàdé. Wọ́n á máa kọjá láàárín ọ̀pẹ, nínú ìrì, lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo àwọn gásóyìlì mi àtijọ́. N ó dúró sẹ́bàá ọ̀nà títí wọ́n á fi kọjá tán, Ìyá Sèmí kò ní sí nínú ìkankan wọn.

Sèmíátù wá di agbẹ̀bí. Ibi ìtọ́jú kan lọ́nà Lagbé ni wọ́n gbé e sí, ilé tó kángun sí tèmi ló ń gbé. Láràárọ̀, kó tó gun zémì lọ síbi iṣẹ́, á yà sọ́dọ̀ mi, á fẹnu kan etí mi ọ̀tún, á pariwo pé, "Bàbá, ṣé ẹ ti jẹun?" N ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo máa ń mi orí bẹ́ẹ̀ yálà mo ti jẹun tàbí n kò tíì jẹun, kó má baà dúró pẹ́ kí àwọn aláboyún máa dúró dè é. Kì í ṣe pé mo ń gbọ́ ọ. Mo mọ ìbéèrè náà nítorí kì í yí padà.

Ní òjò tó kọjá, zémì gbé e ṣubú sínú ẹrẹ̀ pupa. Apá rẹ̀ dá. Nígbà tó san, ó wá jókòó níwájú mi, ó rọra sọ̀rọ̀ kí n lè kà á lẹ́nu rẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, n ò gun zémì mọ́. Mo fẹ́ ra jíìpù kékeré àlòkù. Èyí tó ga nílẹ̀ díẹ̀ fún ọ̀nà Lagbé, tí kò sì tóbi. Bí mi ò bá rí èyí tó dáa kí òjò tó tún bẹ̀rẹ̀, màá kó lọ sí Kotonu. Wọ́n ní àyè iṣẹ́ wà fún mi níbẹ̀."

Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀yin ọmọ. Mo mọ ohun tí Kotonu jẹ́. Ẹni tó bá lọ á máa wá nígbà ọdún Iléyá, á gbé ẹran wá, á sì yára padà. Inú ilé yìí ti dákẹ́ jù fún mi tẹ́lẹ̀. Bí ẹni tó ń kan etí mi láàárọ̀ bá tún lọ, kí ló kù? Mo sọ fún un pé n ó bá a wá ọkọ̀. Bí mo ṣe fẹ́ ṣe é, n kò mọ̀.

A pe Lúkúmáànù. Mo ti sọ tèmi kí ó tó jókòó: gásóyìlì ni. Sèmíátù náà fẹ́ gásóyìlì, ẹnì kan níbi iṣẹ́ rẹ̀ ti sọ fún un pé kì í tètè tán. Lúkúmáànù gbọ́ wa títí, ó mu omi, ó wá kọjú sí mi.

Ó ní, "Ó dáa. Pátírọ́ọ̀nù, gásóyìlì tí ẹ fẹ́ràn, ó ti kú. Èyí tó wà nínú jíìpù kékeré báyìí, àsẹ́ wà níbi tí èéfín rẹ̀ ń gbà jáde. Èéfín dúdú ló ń kó jọ síbẹ̀. Bí ó bá kún, ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ sáré lọ́nà jínjìn kí ó tó lè jó o dànù. Ifangni sí Lagbé, nínú ihò, ṣé ìyẹn ni eré? Àsẹ́ náà á dí pa."

Mo ní, "Kí ó máa gbé e lọ sí Kotonu lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí ó sáré." Bí mo ti sọ ọ́ tán ni mo rí i pé ẹnu ara mi ni mo fi ń lé ọmọ mi lọ sí Kotonu.

Lúkúmáànù ní, "Àti ẹnu tó fi ń tú epo sínú ilé iná, ó ti tín-ínrín ju abẹ́rẹ́ lọ. Gásóyìlì inú kẹ́ẹ̀gì tí à ń rà lẹ́bàá ọ̀nà níbí, omi wà nínú rẹ̀, iyanrìn wà nínú rẹ̀. Ti àtijọ́ á wúkọ́, á lọ. Tòní á kú. Ẹsáǹsì ni kí ó rà, èyí tí kò ní túúbò tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì, èyí tí ṣéènì wà nínú rẹ̀ dípò bẹ́líìtì. Kó sì máa ra epo ní sítéṣọ̀n."

Mo bínú. Mo ní ṣé èmi ni ó ń kọ́ ní gásóyìlì. Sèmíátù fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní, "Bàbá, iṣẹ́ mi náà ti yí padà. Ìwo igi tí mo fi ń gbọ́ ọmọ inú, wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ṣe é ní Kotonu. Mo ṣì ń lo ìwo. Àmọ́ tí ẹ̀rọ bá wà, n ó lo ẹ̀rọ." Mo gbé ojú kúrò lẹ́nu wọn. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè, ó kàn máa ń pẹ́ kí àgbà tó gbà bẹ́ẹ̀ ni.

Ní òwúrọ̀ tí à ń lọ wo ọkọ̀, mo rí Sèmíátù tó yọ tunẹfíìsì kúrò lára ìṣó, tó ń nu eruku ara rẹ̀. Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó ní, "Ẹ bá mi mú un lọ́wọ́. Ká tilẹ̀ ní ẹ ò gbọ́, ẹni tó ń ta ọkọ̀ á rò pé ẹ gbọ́." Mo rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ náà gbọ́n báyìí.

Pàákì tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ àlòkù wà lẹ́yìn Kotonu, ó lọ bí ilẹ̀ ṣe lọ. Ọkọ̀ dúró níbẹ̀ lọ súà, eruku òkun lára wọn, gbogbo wọn dákẹ́. Bí mo ṣe ń rìn láàárín wọn, ó ń ṣe mí bíi pé mo ti dé ibi tí àwọn ọkọ̀ inú oorun mi máa ń lọ. Ọkùnrin tó ni wọ́n dé fìlà pupa. Ó mú wa lọ síwájú jíìpù kékeré kan, dúdú, ó ń dán, gásóyìlì. Ojú Sèmíátù tàn. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ lé kàpó rẹ̀. Ó gbóná.

Mo ní, "Ta ló jí i dìde?"

Ọkùnrin náà ní, "Àlájì, mo kàn mú un yí pàákì ká ni, kí ẹ má baà dúró. Gásóyìlì ni ọ̀gá, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ọkàn mi sì ń fà sí i. Mo dúró pẹ́ níbẹ̀ kí n tó gbé ọwọ́ kúrò. Mo bi í pé èwo ni kò tíì jí láàárọ̀ yìí. Ó nàka sí ọ̀kan lẹ́yìn lọ́hùn-ún, lábẹ́ igi fúrúùtù, àwọ̀ rẹ̀ bí eérú, ewé gbígbẹ lórí rẹ̀. Ẹsáǹsì ni, kò ní túúbò. Ó ní kò sẹ́ni tó ń béèrè rẹ̀, nítorí kò dán. Mo fọwọ́ lé e. Ó tutù bí ìkòkò omi.

Lúkúmáànù ṣí kàpó. Nítorí kí ọkùnrin yẹn lè máa wò mí, mo fi ṣóńṣó irin kan ara ẹ́ńjìnnì, mo fi eyín di igi rẹ̀ mú. Eyín mi bọ́ sínú àmì eyín Pátírọ́ọ̀nù Súlè. Mo mi orí sí Sèmíátù pé kí ó yí kọ́kọ́rọ́.

Ẹ̀yin ọmọ, mo gbọ́ ọ.

Kì í ṣe láti ìsàlẹ̀ kànga. Inú orí mi gan-an ló ti ń dún. Mo gbọ́ tó jí, tó na ara, tó ń wá epo. Mo gbọ́ tátà-tátà kékeré kan lókè, tó sì dákẹ́ nígbà tí ọ́ìlì gun dé ibẹ̀, bó ṣe yẹ. Mo gbọ́ ṣéènì tó ń lọ geere. Mo gbọ́ ilé iná mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀kẹta ń ṣọ̀lẹ díẹ̀, búùjì tó ń ta iná sí i ti gbó, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dà bíi pé ẹnì kan ṣílẹ̀kùn yàrá tí mo ti rò pé ó wó. Etí ni táǹkì yẹn fọ́, kò fọ́ inú ibi tí gbígbọ́ ń gbé. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, ọ̀nà mìíràn wà lára ìṣó lórí ibùsùn mi. Omi ń dà lójú mi, n kò lè nù ún, nítorí ọwọ́ mi méjèèjì wà lára irin.

Nígbà tí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, Sèmíátù ti sọ̀kalẹ̀, ó ń wo ojú mi. Ó bi mí pé, "Kí ló sọ, Bàbá?"

Mo ní, "Ara rẹ̀ le. Búùjì kẹta nìkan ni." Lúkúmáànù ki fàlíìsì rẹ̀ bọ̀ ọ́, ó wò ó, ó fi ìka mẹ́ta hàn mí, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo wá ní, "Sèmí, mo gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ọ kedere."

Sèmíátù sún mọ́ mi. Ó ń wo irin náà bí mo ṣe máa ń rí i tó ń wo ìwo igi rẹ̀ nígbà tó bá ń múra iṣẹ́. Ó gba ṣóńṣó rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó nu ọ́ìlì ara rẹ̀ sí aṣọ rẹ̀, ó fi kan egungun àgbọ̀n ara rẹ̀. Ó ní kí n di igi náà mú padà. Mo fi eyín dì í mú. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kò pariwo.

"Bàbá, ṣé ẹ ti jẹun?"

Kì í ṣe ohùn ẹyẹ ẹ̀gà tí mo fi sílẹ̀ mọ́. Ó ti nípọn, ó rọ̀, ó fa òpin ọ̀rọ̀ díẹ̀ kí ó tó fi sílẹ̀. Ohùn ìyá rẹ̀ ni. Ohùn tí mo ti ń dúró dè lẹ́bàá ọ̀nà nínú oorun, nínú ìrì, láàárín ọ̀pẹ, ẹnu ọmọ mi ló wà, ó sì ti ń wá kí mi láràárọ̀.

Mo yọ irin lẹ́nu kí n lè dá a lóhùn. N kò mi orí. Mo ní, "Rárá, Sèmí. N kò tíì jẹun."

Ó tún fi irin náà kan àgbọ̀n, ó sì dúró títí mo fi di igi rẹ̀ mú. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká gbé ọkọ̀ yìí lọ sílé ká lọ jẹun. Mo ní iṣẹ́ ní Lagbé lọ́la."